Ọdún tí Kànga Bramlow Fẹ́rẹ̀ẹ́ Wà Níhòòhò

Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá oṣù karùn-ún

Wọ́n ti dì í rù mí. Mo lọ sí ìpàdé abúlé lálẹ́ àná láti kọ ìròyìn sílẹ̀ fún ìwé ìròyìn wa, bí mo ṣe máa ń ṣe. Ọ̀rọ̀ kòtò tó wà lójú títì gba wákàtí kan. Ọ̀rọ̀ ìjàpá Mísítà Pegg tó sá kúrò nínú ọgbà gba ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn náà ni Alága Haldane wá béèrè pé ta ni yóò ṣe olórí fún wíwọ kànga láṣọ lọ́dún yìí, níwọ̀n bí Edie Furniss tó máa ń ṣe é ti di olóògbé. Ọdọọdún la máa ń to àwẹ́ òdòdó sára amọ̀ lórí pákó kó di àwòrán, a ó sì gbé e kọ́ sẹ́nu kànga: wíwọ kànga láṣọ nìyẹn. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà wọn. Èmi nìkan ni mo gbójú sókè, torí mo fẹ́ rí ẹni tó máa dáhùn kí n lè kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Mísíìsì Mellor," Alága wí, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Mi ò tíì la ẹnu.

Bernard rẹ́rìn-ín títí tíì rẹ̀ fi dà sí i láyà. "Láti ọjọ́ tí mo ti gbé ẹ wá sí Bramlow yìí, o ò tíì mọ̀ pé wọn kì í gbójú sókè nípàdé?" Bí ọkọ ẹni ṣe ń tuni nínú nìyẹn.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ohun tí Alága fi kún un. Ó ní bí apá wa ò bá ká òdòdó mọ́, òun ní ọ̀rẹ́ kan tó lè tẹ àwòrán sára ike. A ó kàn máa gbé e kọ́ sẹ́nu kànga lọ́dọọdún, kò ní rọ, kò sì ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àwọn kan ń mi orí pé ó dáa. Mo mọ àwọn ènìyàn yìí. Bí ike bá dé ẹnu kànga yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, òdòdó ò tún ní débẹ̀ mọ́ láyé.

Nígbà tí mo lọ kí Edie lórí àìsàn ní oṣù kejì, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Gwenda, má jẹ́ kí kànga wa wà níhòòhò." Mo ní n ò ní jẹ́. Ẹnu mi ló kó bá mi.

Àìkú, ọjọ́ kejìlá

Òjò láti àárọ̀. Ẹyin mẹ́fà ní ṣọ́ọ̀bù ti di pọ́n-ùn méjì àti àádọ́rin pẹ́nì, ó sì kéré bí ẹyin ẹyẹlé. Irú àkókò yìí ni Edie máa ń fi agbọ̀n ẹyin kọ́ apá, á máa ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, á sì jókòó mu tíì níbi gbogbo. Mo máa ń sọ fún Bernard pé obìnrin yẹn á ti dolówó nídìí ẹyin. Kì í yà lọ́dọ̀ wa. Kí oṣù karùn-ún tó wọlé rárá ni èmi ti máa ń lọ bá a nílé rẹ̀ pé mo ti dé o, ibo ni kí n gbá? Ilẹ̀ ni mo máa ń gbá, tíì ni mo sì máa ń sè fún àwọn tó ń to òdòdó. Mi ò tíì to àwẹ́ òdòdó kan rí láyé mi, èmi sì ni olórí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ìwé ìròyìn ti jáde. Mo fi ìkéde mi sáàárín bọ́ọ̀sì ọjọ́bọ̀ tí wọ́n fẹ́ dá dúró àti ìjàpá tó sọnù. Mo ní a ń wá olùrànlọ́wọ́ fún wíwọ kànga láṣọ, kí ẹni tó bá fẹ́ wá sí gbọ̀ngàn abúlé lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, aago méje ìrọ̀lẹ́, tíì àti kéèkì á wà.

Ní ṣọ́ọ̀bù, gbogbo wọn ló ń yìn mí. "Ó mà dùn ún kà o, Gwenda." Mo ní ṣé ẹ máa wá? "Háà, mi ò ní fẹ́ dí yín lọ́wọ́. Ó jọ pé ẹ ti mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń ṣe." Ìwọ̀nyí kan náà ni wọ́n ní àṣà yìí ò gbọ́dọ̀ parun. Ẹnu dùn-ún rò'fọ́.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ènìyàn mẹ́ta. Bernard, tí mo fà wá. Àlùfáà Philippa, tó ní ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́fà láti bójú tó, tó sì ní láti tètè lọ sí ìpàdé mìíràn lórí òrùlé tó ń jò. Àti Ken Birtles àgbẹ̀, tó ni àká tí a ti máa ń ṣe iṣẹ́ náà. Ken jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó fi fìlà lé orúnkún, ó sì jẹ kéèkì mi mẹ́rin.

Àlùfáà ló mú àwòrán wá: Rúùtù tó ń ṣa ọkà nínú oko Bóásì. Mo gbà, torí ọkà rọrùn láti yà.

Nígbà tó yá, mo bi Ken léèrè tààrà. "Ken, ṣé ẹ máa bá wa gbẹ́ amọ̀?"

"Mi ò mọ̀ o, Mísíìsì Mellor," ó ní. "Iṣẹ́ gígé koríko màlúù ń bọ̀."

Mo ní ó dáa, ẹ ṣeun. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó mú fìlà rẹ̀, ó lọ sílé. Ó mú kéèkì karùn-ún dání.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà

Mo ti kọ ìkéde tuntun. "Àwọn ará abúlé yìí kì í pẹ́ dé bí kéèkì bá wà lórí tábìlì. Ǹjẹ́ wọ́n lè ya kànga wa sí lọ́nà?"

Bernard kà á. "Má fi síbẹ̀."

Mo fi síbẹ̀.

Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Tèmi yọ ọfà. Ènìyàn mẹ́rin ló ti wá ṣàlàyé fún mi, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, pé ìkéde náà ò dùn mọ́ àwọn nínú. Ọ̀kan ní òun ò jẹ kéèkì rí ní gbọ̀ngàn, òun sì fẹ́ kí n tún un kọ. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ kan kànga.

Mo pàdé Mísíìsì Hilda Wragg lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, àti kékeré ló sì ti ń to òdòdó. Òun nìkan ló máa ń ṣe ojú ẹni tó bá wà nínú àwòrán, ẹlòmíràn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Gbogbo abúlé ló mọ̀ pé bí Hilda ò bá wá, àwọn obìnrin yòókù ò ní wá. Ó dúró, ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Èmi náà dúró.

"Òjò yìí á dá," ó ní, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ó ń bínú ni. Ó rò pé òun ló yẹ kí wọ́n fi ṣe olórí. Mo gbà fún un, kó wá gbà á lónìí olónìí! Ṣùgbọ́n kò ní wá sọ, yóò kàn máa wo ojú ọ̀run.

Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Lónìí ló yẹ kí àwọn pákó wọ adágún omi láti rin gbingbin kí amọ̀ tó gorí wọn. Èmi àti Bernard la jọ fi ọmọlanke gbé wọn. Èyí tó tóbi jù yí dànù ní bèbè omi, ó sì gbé Bernard lọ. Ó wọ omi dé ìbàdí. Ken wà lórí katakata rẹ̀ lójú oko lọ́hùn-ún, ó pa á, ó wò wá dáadáa, ó juwọ́ sí wa, ó tún ṣíná sí i, ó sì lọ.

"Ó kí wa," Bernard wí láti inú omi.

Mo sọ ohun tí mi ò lè kọ síbí. Òjò ti dá lóòótọ́ ṣá.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Oòrùn yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa. A ti gbẹ́ amọ̀ létí odò, a ti dà á sínú ọpọ́n ńlá inú àká, a bọ́ bàtà, a bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Àwa méjì péré. Láyé Edie, ènìyàn mẹ́wàá ló máa ń wà nínú ọpọ́n yẹn, wọ́n á di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n á máa kọrin, ọ̀kan á máa ṣubú, àwọn yòókù á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo máa ń gbọ́ wọn láti ibi tí mo ti ń se tíì níta.

Bernard ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ó ní, "Gwenda, ṣé ó dìgbà tá a bá kú?" Mo ń sunkún, mo sì sọ pé òógùn ni.

Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Amọ̀ ti wà lórí pákó. Mo tẹ́ àwòrán Rúùtù lé e, mo fi abẹ́rẹ́ gún un yí ká kí ó lè hàn lára amọ̀. Ó dáa lójú mi. Ó wù mí kí Edie rí i.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ó ti sán. Mo ṣí ilẹ̀kùn àká láàárọ̀, amọ̀ ti gbẹ fura-fura, ó sán láti etí Rúùtù kan dé èkejì. Bí mo ṣe fọwọ́ kàn án ni iwájú orí rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀.

Bí mo ṣe dúró síbẹ̀ ni Alága Haldane yọjú, ó dé fìlà koríko, ajá rẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Ó wo amọ̀, ó wò mí, àánú sì ṣe é, èyí tó burú ju kó fi mí ṣẹ̀sín lọ.

"Ẹ má pa ara yín, Mísíìsì Mellor. Ike náà ti dé, ó wà nínú gáréèjì mi. Tó bá di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tí nǹkan ò tíì dúró, màá ní kí wọ́n gbé e kọ́ kí Àlùfáà tó wá súre lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹnikẹ́ni ò ní bá yín wí."

Ó ti rà á sílẹ̀! Mo fi àká sílẹ̀, mo kọjá lára Bernard, ilé Hilda Wragg ni mo forí lé. Mo ti to gbogbo èébú mi láti àká dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Màá sọ fún un pé ìgbéraga rẹ̀ ló pa kànga. Mo gbá ilẹ̀kùn.

Ó ṣí i kíá, àfi bí ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó wọ aṣọ iṣẹ́. Lórí tábìlì ẹnu ọ̀nà, àlùmọ́gàjí rẹ̀ kékeré wà níbẹ̀, pẹ̀lú agolo èso igi dúdú wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń ya ojú ìlà. Garawa mẹ́rin ló tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, òdòdó búlúù ọgbà rẹ̀ kún inú wọn. Gbogbo èébú tí mo kó wá fò lọ.

"Ẹ ti múra," mo ní.

"Láti oṣù tó kọjá."

"Kí ló dé tẹ́ ò wá, Mísíìsì Wragg?"

"O ò pè mí."

Mo ní, "Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn lẹ́ẹ̀mejì!"

"Mo kà á. Ti kéèkì yẹn ò dáa." Ó fara ti ilẹ̀kùn. "Ìwé yẹn pe gbogbo ayé, Gwenda. Ẹni tó pe gbogbo ayé ò pe ẹnì kan. Ní Bramlow níbí, tó o bá fúnra ẹ dìde, wọ́n á ní o ń jọ ara ẹ lójú. Èèyàn á jókòó sílé ẹ̀ títí wọ́n á fi wá pè é. Kí lo rò pé Edie ń gbé ẹyin kiri fún?"

"Mo rò pé ó ń tà á ni."

"Adìẹ mẹ́ta ló ní."

Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n fi orí gbá ògiri. Ojú lọ̀rọ̀ wà, èmi wá ń kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn. Mo mí kanlẹ̀. "Mísíìsì Wragg, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa wá bá wa to òdòdó?"

"Mi ò mọ̀ o," ó ní. "Orúnkún mi."

Mo ní ó dáa, mo sì yípadà. Mo ti dé ẹnu géètì kí n tó ṣàkíyèsí pé kò tíì ti ilẹ̀kùn.

"O ò ní tún béèrè?" ó ní, ó sì jọ pé òun gan-an lọ̀rọ̀ mi ti sú báyìí. "Ta ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan? Ṣé oúnjẹ ni? Edie á ní, ẹ kàn wá jókòó."

"Ẹ kàn wá jókòó, Mísíìsì Wragg."

Ó ti ń wọ bàtà.

Nígbà tó dé àká, ó mú amọ̀ díẹ̀, ó fi kan ahọ́n. "Iyọ̀ dà?"

Mo ní, "Iyọ̀ wo?"

Ó jókòó lórí àpótí, ó wo Bernard, ó wò mí. "Ẹ ò fi iyọ̀ sí amọ̀ nínú oòrùn yìí. Iyọ̀ ni kì í jẹ́ kó gbẹ. Ta ló kọ́ yín?"

Ẹnikẹ́ni ò kọ́ wa. Ìta ni mo wà, mo ń se tíì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo ra ẹyin ṣọ́ọ̀bù olówó iyebíye yẹn, mo kó o sínú agbọ̀n, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ abúlé. Kò sí ilé kan tí wọ́n ti gbà lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ ń dun eléyìí, àlejò ń bọ̀ lọ́dọ̀ tọ̀hún, ọ̀kan ní ojú òun ò ríran mọ́, abẹ́rẹ́ tó fi ń rán aṣọ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ẹ kàn wá jókòó. Wọ́n á mí kanlẹ̀ bí ẹni tí mo fi ipá mú, wọ́n á wá mú àlùmọ́gàjí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyá tó ní òun ò jẹ kéèkì rí ní gbọ̀ngàn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo béèrè, mo tún bẹ̀ ẹ́ lórí ìkéde yẹn, kó tó gbà. Tíì tí mo mu lónìí lè gbé ọkọ̀ ojú omi.

Mísítà Pegg ní, "Báwo ni mo ṣe lè máa to òdòdó, nígbà tí mi ò tíì rí ìjàpá mi?"

"Ẹ wá jókòó, ẹ lè máa rò ó níbẹ̀."

Mo gbẹ̀yìn sọ́dọ̀ Ken. Ó ń tún katakata rẹ̀ ṣe. "Ken, ṣé ẹ máa bá wa gbẹ́ amọ̀ tuntun?"

"Iṣẹ́ koríko ń bọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ken. Ẹ kàn wá dúró tì wá."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Amọ̀ ti wà lẹ́yìn àká. Mo ti gbẹ́ ẹ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo fi aṣọ tútù bò ó. Àtọjọ́ ìpàdé yẹn ni mo ti ń retí kẹ́ ẹ tún béèrè."

"Ken, ẹ rí wa tá à ń gbẹ́ amọ̀ nínú oòrùn. Ẹ rí Bernard nínú omi!"

"Mo rí yín," ó ní. "Mo rò pé bó ṣe wù yín nìyẹn."

Ọlọ́run ló mọ ìdí tí mi ò fi fọ́ ẹyin mọ́ ọn lórí.

Nígbà tí mo dé àká nírọ̀lẹ́, wọ́n ti wà nínú ọpọ́n, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, ẹsẹ̀ wọn funfun bí ti àgùntàn tí wọ́n rẹ́ irun rẹ̀, Hilda ń wọ́n iyọ̀ láti orí àpótí. Mo fẹ́ lọ se tíì. "Bọ́ bàtà," Hilda ní. Ọwọ́ Ken ni mo dì mú. Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣubú, wọ́n sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ohun kan dùn mí ṣá, mo sì máa kọ ọ́ síbí torí kò sí ẹlòmíràn tí mo lè sọ fún. Gbogbo ilé tí mo wọ̀ lónìí ni Edie ti máa ń wọ̀. Tèmi nìkan ló máa ń fò.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ariwo. Wọ́n ti ń jà lórí àwọ̀ koríko. Ìsàlẹ̀ ni a ti ń to àwẹ́ òdòdó lọ sókè, kí ti òkè lè gun ti ìsàlẹ̀ lórí bí páànù òrùlé, kí òjò lè máa ṣàn kọjá lára rẹ̀. Mo to ìlà mẹ́ta, Hilda ní kí n tú méjì. Ó tún ní imú Rúùtù tí mo yà jọ ti Alága. Gbogbo wọn wá wò ó, wọ́n gbà bẹ́ẹ̀.

Wọ́n rí ìjàpá lẹ́yìn garawa Hilda. Ó ti jẹ ìdajì òdòdó búlúù tó yẹ kó di ojú ọ̀run wa. Mísítà Pegg gbé e mọ́ àyà, ó ń wí fún un pé kó jẹun dáadáa. Àwa yòókù pín kiri abúlé lọ tọrọ òdòdó búlúù.

Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ọ̀sán pọ́n, Rúùtù ò sì lójú. Gbogbo ara ti pé, oko, ọkà, aṣọ rẹ̀, àmọ́ ó ti rẹ Hilda, ó ń sinmi lórí àpótí, kò sì gbà kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan ojú náà. Alága Haldane wọlé, ọkùnrin méjì sì dúró níta pẹ̀lú ike nínú ọkọ̀.

"Kò tíì parí," ó ní.

Mo ti ń wá èsì gbígbóná kan. Mo wá rí i pé kì í ṣe ojú mi ló ń wò. Ọwọ́ àwọn tó ń to òdòdó ló ń wò, ó ti fìlà bọ abẹ́ apá bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ronú pé agbọ̀n mi ò dé ilé rẹ̀ ní Ọjọ́rú. Ilé ńlá yẹn ò wá sí mi lọ́kàn rárá.

"Alága, ṣé ẹ máa bá wa to ti ìsàlẹ̀ yìí?"

"Èmi? Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe," ó ní. "Mo máa bà á jẹ́."

Gbogbo wọn ń wò mí. Hilda gbé ojú sókè.

"Ẹ kàn wá jókòó, Alága."

Ó jókòó. Ó ní láti ìgbà tí òun ti fẹ̀yìn tì wá sí Bramlow, ẹnikẹ́ni ò pe òun sí i rí. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò fi ṣe ẹjọ́. Ó ń to ti ìsàlẹ̀, kò mọ̀ ọ́n ṣe lóòótọ́, obìnrin méjì ló ń tú ohun tó ń tò. Níta, ajá rẹ̀ àti àwọn ọkùnrin méjì yẹn sùn síbi ọkọ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, Hilda fi àwẹ́ kan ṣoṣo parí ètè Rúùtù, ó sì ní kí wọ́n gbé òun dìde.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Àlùfáà Philippa ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí a gbàdúrà ni òjò dé, òjò gidi. Ẹnikẹ́ni ò sá. A dúró, a ń wo omi tó ń ṣàn kọjá lára òdòdó láti ìlà dé ìlà, kò gbé àwẹ́ kan lọ. Kànga wa ti wọṣọ. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti kọ orúkọ àwọn tó wá sílẹ̀ fún ìwé ìròyìn.

Ike wà ní gáréèjì Alága. Ó ní òun á fi bo igi ìdáná òun.

Ajé, ọjọ́ kẹjọ oṣù keje

A ti tú àwòrán. Òdòdó ti rà, amọ̀ ti padà sétí odò. Mo dé ilé, mo na ara sórí àga, mo sọ fún Bernard pé bí mo bá tún gbójú sókè nípàdé, kó tẹ orí mi bọlẹ̀.

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n kan ilẹ̀kùn. Hilda Wragg ni, òun àti ọ̀pá rẹ̀. Ó gun òkè wá sílé wa, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo ní ẹ wọlé, ó jókòó, mo gbé tíì fún un. Ó sọ̀rọ̀ òjò. Ó sọ̀rọ̀ kòtò ojú títì. Mi ò mọ ohun tó bá wá, inú sì ti fẹ́ máa bí mi díẹ̀, torí ẹsẹ̀ ń ro mí.

"Edie sọ fún mi nígbà kan," ó wá ní, "pé gbogbo ilé tó ń wá sí àká ni òun ti rí pè, àyàfi tìẹ. Ó ní ọdọọdún ni o máa ń sáré dé kí òun tó jáde. Ó dùn ún. Ó ní òun ò tíì rí bí òun ṣe máa pe Gwenda."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu tábìlì tó ti mọ́. Bernard dìde, ó lọ wo ohun kan tí kò sí nínú ilé ìdáná.

Hilda gbé ife kalẹ̀. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó jókòó dáadáa, bí ẹni tó fẹ́ ṣe nǹkan náà bó ṣe yẹ.

"Gwenda, oúnjẹ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ń bọ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Ọ̀dùnkún pọ̀ láti bó. Ṣé o máa wá bá wa bó o?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" ti dé orí ahọ́n mi, ó fẹ́ já. Mo gbé e mì.

"Mi ò mọ̀ o, Mísíìsì Wragg," mo ní. "Ẹ̀yìn ń dùn mí."

Ó wò mí títí, ẹ̀rín sì bọ́ sí i lójú.

"Kàn wá jókòó," ó ní.